Ìdáhùn sí “ọkọ̀ eré”: fífà yàtọ̀ sí sísáré

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Oǹdó kọ̀wé lọ́jọ́ Ajé pé àwọn ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú eré kọ̀ǹpútà kan, Automation, fún àwọn ọmọ àwọn nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, eré tí èèyàn ti ń to ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni, láti orí písítìnnì dé orí táyà. Orúkọ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n dá: “ọkọ̀ eré” fún àwọn ọkọ̀ tí a tò torí iré àsápajúdé (sports car), “agbára” fún ìlà méjèèjì tí eré náà máa ń yà láti fi iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì hàn (power, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tó, àti torque, bí ipá tó fi ń yí ṣe pọ̀ tó), àti “nọ́ọ̀kù” fún àrùn kan tó ń mú epo nínú sílíńdà. Wọ́n ní ká yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí àbúrò yín.

Ẹ jẹ́ ká ti orí “ọkọ̀ eré” bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí, kí ẹ béèrè ọkọ̀ eré lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé. Ike pupa ni wọ́n máa nà sí yín, okùn á sì wà nímú rẹ̀. Eré tí a ń sá àti eré tí a ń ṣe, ohùn kan náà ni wọ́n ní, àmì orí wọn ò yàtọ̀. Ẹ wá fi kún un pé orí kọ̀ǹpútà ni ọkọ̀ ọ̀hún wà: ọkọ̀ eré, nínú eré, tí a tò nítorí eré. Ọmọ yín á bi yín pé èwo lèwo.

Ẹnìkan dá “ọkọ̀ eré ìje” lábàá. Ìyẹn dára fún ọkọ̀ tó ń bára wọn díje, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń tò kì í bá ẹnikẹ́ni díje. Ọkọ̀ tí èèyàn lè gbé lọ sọ́jà ni, ara rẹ̀ ni kò balẹ̀. “Ọkọ̀ asáré” ni mo fara mọ́. Àwọn tó ń ṣàròyé pé asáré kò mẹ́nu ba bíréèkì, kò mẹ́nu ba bí ọkọ̀ ṣe ń di ilẹ̀ mú ní kọ́nà, mo gbọ́ yín, àmọ́ orúkọ wo ló ru gbogbo ẹrù? Ẹ wo “ayọ́kẹ́lẹ́” fúnra rẹ̀: a-yọ́-kẹ́lẹ́. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ sínú rẹ̀ kó máa bú ramúramù bíi kìnnìún, ayọ́kẹ́lẹ́ náà la ṣì ń pè é, kò sì sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. (Orúkọ tó bá yẹ irú ọkọ̀ yìí jù lọ ni “ayárabíàṣá”, kọ̀ǹpútà ló ti gbé e lọ. Ó dùn mí díẹ̀.)

Ibi tí mi ò ti lè gbà fún ẹ̀gbọ́n rárá ni “agbára” fún ìlà méjèèjì. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi lójú ọ̀nà Ìdànrè kò ka físíìsì níbì kankan, ṣùgbọ́n kò da méjèèjì pọ̀ rí. Bí ọkọ̀ bá dé ẹsẹ̀ òkè tó ń mí hẹlẹ, á ní, “Kò fà.” Bí ó bá gun òkè tán tí kò wá lè kọjá kìlómítà 80 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, á ní, “Ó ń fà o, kò kàn lè sáré ni.” Ẹ rántí agbégilódò tó ń kó gẹdú jáde nínú igbó wa. Ta ló pè é ní asáré rí? Síbẹ̀, ẹ so ó mọ́ ìtì igi tó rì sínú ẹrẹ̀, kí ẹ wá wo bó ṣe máa fà á tu.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, jókòó tì mí, a jọ tò ó wò. Ẹ́ńjìnnì méjì, onísílíńdà mẹ́rin. Ihò sílíńdà fẹ̀ ní mìlímítà 86, písítìnnì sì ń rìn ní mìlímítà 86 lókè-nílẹ̀. Ẹ ṣírò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lítà méjì. Àkọ́kọ́ kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́dọ̀ yí ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan kó tó fún wa ní 200 Nm (Nm ni a fi ń wọn ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí). Èkejì ní tọ́bò, 300 Nm ló fún wa ní 4,000 péré, a ò sì jẹ́ kó yí kọjá ibẹ̀. Ẹ fi iye ìyípo sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 9,549 pín in, kìlówáàtì lẹ máa rí: 147 fún àkọ́kọ́, 126 fún èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ ní agbára ẹṣin, nǹkan bíi 197 àti 169.

Ẹ ò rí i? Èyí tí ẹṣin rẹ̀ pọ̀ ni kò fà. Nígbà tí ọmọ náà gbé méjèèjì lọ sínú BeamNG.drive, níbi tí èèyàn ti lè wa ohun tó bá tò, àkọ́kọ́ ń ṣòjòjò lórí òkè títí ó fi padà sí jíà wáànù. Bí a bá kọ “agbára” síwájú ìlà méjèèjì, báwo lọmọ ṣe fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀?

Nítorí náà, “agbára” kó dúró fún ti ẹṣin, “ipá ìfà” kó jẹ́ ti ìkejì. Mi ò fẹ́ “ìfà” lásán: lórí fóònù tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, Ifá la máa kà á sí, wọ́n á ní a ti sọ ẹ́ńjìnnì di babaláwo. Àǹtí wa tó ń kọ́ni ní físíìsì ti sọ pé yíyí ni nǹkan yìí ń yí, kì í fà, pé “ipá ìyí” ló tọ́. Òótọ́ ni, ẹ fi sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Lójú awakọ̀, ibi tí yíyí náà ń já sí ni fífà.

Ti “nọ́ọ̀kù” ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dán an wò. Nínú eré yẹn, ohun tó túmọ̀ sí ni kí epo tó kù nínú sílíńdà dá gbiná fúnra rẹ̀ kí iná pulọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bóyá torí pé a ti fún un pọ̀ jù, tàbí pé epo náà kò lágbára tó láti fara dà á. Èèyàn lè dín ìfúnpọ̀ náà kù, kó sì tán síbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ́ńjìnnì tó bá ti nọ́ọ̀kù ti kú nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí pe ọ̀gá mẹkáníìkì lórí fóònù láti bi í léèrè, ó ní, “Ẹ́ńjìnnì mi ń nọ́ọ̀kù.” Baba dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ ti ń wá owó tòkúnbọ̀?” “Ìdágbiná” ni mo dá lábàá: ohun tó dá gbiná.

“Ìtẹ̀mọ́lẹ̀” tí ẹnìkan mú wá fún bí atẹ́gùn ṣe ń ti ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bó bá ń sáré, mo fọwọ́ sí i, bó tilẹ̀ dà bí ohun tí ìjọba ń ṣe fún wa.

Ọ̀kan ló kù tí mi ò rí ọ̀rọ̀ fún: ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí tọ́bò máa ń fi dúró lẹ́yìn tí a bá ti tẹ iná mọ́ ọkọ̀, kó tó gbéra. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi àwọn mẹkáníìkì Oǹdó ohun tí wọ́n ń pè é. Ọ̀gá tèmi sọ pé, “Ó kọ́kọ́ máa ń ronú ná.”