Incubator tí a fi Arduino ṣe: ibi tí ewu ń gbà wọlé

Atúnẹ̀rọṣe, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní àdúgbò Under G ń gbìyànjú láti fi Arduino, kọ̀ǹpútà kékeré tó ṣeé kọ àṣẹ sí, ṣe incubator, àpótí tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ kankan, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ gé wáyà sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń wọn ooru), kí ẹ wo ohun tó máa ṣe.

Ọ̀pọ̀ ni yóò máa gbóná lọ. Tí ẹ bá lo thermistor 10k, irú sẹ́ńsọ̀ kan, bó bá ṣe ń gbóná ni resistance rẹ̀ (bó ṣe ń dènà iná tó) ń lọ sílẹ̀. Wáyà tó já dà bí resistance tí kò lópin, kóòdù (àṣẹ tí ẹ kọ sínú Arduino) á kà á sí òtútù burúkú, á sì ní kí hítà máa jó. Hítà ń jó, ojú ẹ̀rọ ń sọ pé òtútù ń mú ọmọ. DS18B20, sẹ́ńsọ̀ mìíràn, náà ní tirẹ̀: bí wáyà bá já, library (kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) tí ọ̀pọ̀ ń lò á dá -127 padà, -127 sì kéré sí 36, nítorí náà kóòdù tó ní kí hítà tàn bí ooru bá kéré sí 36 á tan án. Bí iná sẹ́ńsọ̀ bá ṣẹ́jú, ó lè kọ́kọ́ pe 85, nítorí nọ́ńbà tó máa ń wà nínú rẹ̀ nìyẹn kó tó wọn nǹkan kan.

Ẹ má gba nọ́ńbà tó bá kéré sí 10 tàbí tó ju 50 lọ. Ẹ pa hítà, kí aláàmù dún. Ẹ fi sẹ́ńsọ̀ kejì sí i. Bí àwọn méjèèjì bá fi 1°C yàtọ̀ síra, ẹ pa hítà bákan náà.

Oníná, Ògbómọ̀ṣọ́

Òótọ́ pọ́nńbélé lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti riléè, ohun tí Arduino fi ń tan hítà tó sì fi ń pa á, kún un. Riléè búlúù kékeré yẹn, irin méjì ló ń pàdé nínú rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá tan hítà tàbí tó pa á, iná á ta pàrà láàárín wọn. Bó pẹ́ bó yá, irin náà lè yọ́ kó lẹ̀ mọ́ra. Kóòdù á ní kó pa á, gílóòbù tíntìn ara riléè á kú, hítà ò ní kú. Kò sí kóòdù tó lè gba ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìlànà àgbáyé fún incubator, IEC 60601-2-19, fi ní kí nǹkan mìíràn wà tí yóò gé iná hítà ní 38°C, tí kò gbára lé thermostat tó ń darí ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n bá ṣe láti lè dé 39°C, 40°C ni tirẹ̀. Ẹ fún un ní sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀, LM393 tirẹ̀ (ohun kékeré tó ń fi iná méjì wéra), riléè tirẹ̀, kí wáyà hítà gba inú riléè méjèèjì kọjá. Kò gbọdọ̀ ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú Arduino. Àwọn kan ń fi KSD301, ohun kékeré tó ń gé iná fúnra rẹ̀ bó bá gbóná, dípò rẹ̀. Ó lè fi nǹkan bí 5°C ṣì í. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin hítà kó máa ṣọ́ ọ kí ilé má baà jóná. Ẹ má fi ṣọ́ ọmọ.

Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni, kó wo Therac-25, ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Therac-20 tó ṣáájú rẹ̀ ní ìdènà onírin tí ń dá ẹ̀rọ dúró. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú Therac-25, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ lé sọ́fítíwíà lọ́wọ́. Láàárín 1985 sí 1987, ènìyàn mẹ́fà gba ìtànṣán àpọ̀jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn kan nínú wọn sì kú. Ọ̀kan lára àṣìṣe rẹ̀ nìyí: nọ́ńbà kan ń fi 1 lé ara rẹ̀ nínú byte kan ṣoṣo, àyè kékeré tí nọ́ńbà inú rẹ̀ kò lè ju 255 lọ. Tó bá ti 255 kọjá, á padà sí òdo, òdo sì túmọ̀ sí pé kò sídìí láti yẹ ẹ̀rọ wò. Ẹ wo byte yín dáadáa.

Láti Owódé, Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ti iná ló kù. Iná wa kì í kàn lọ lẹ́ẹ̀kan. Á rọ̀, á gbéra, á tún rọ̀. Arduino Uno R3 kò ní tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àfi tí iná rẹ̀ bá já sí 2.7V, bẹ́ẹ̀ ATmega328P, ọpọlọ rẹ̀, tó ń sáré ní 16MHz kò yẹ kó ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ bíi 3.8V. Láàárín méjèèjì, ó lè ṣìwà hù. Ẹ yí brown-out rẹ̀, ìwọ̀n iná tí yóò mú kó tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, sí 4.3V. Ẹ tan watchdog, aago inú rẹ̀ tó ń tún un bẹ̀rẹ̀ bí kóòdù kò bá bọ́ ọ (ìyẹn ni pé kò fi àmì ránṣẹ́ sí i), ẹ má sì máa bọ́ ọ láti inú timer interrupt (iṣẹ́ kékeré tí timer ń pè fúnra rẹ̀), nítorí iṣẹ́ gan-an lè ti kú kí timer ṣì máa bọ́ ọ lọ.

Kí ẹlòmíràn tí kò kọ kóòdù náà dán an wò. Kó kọ orúkọ wáyà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé: kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tó já, kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tó kan èkejì. Kó pa iná, kó tan án, nígbà ogún, kó sì rí i pé ní gbogbo ìgbà, hítà wà ní pípa títí sẹ́ńsọ̀ á fi sọ̀rọ̀. Kí aláàmù ní bátìrì tirẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó wà ní ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù lè gbọ́ nígbà tí iná bá lọ.