Ìwé ìròyìn ìgbà ogun: báwo ni tiyín ṣe tẹ̀ yín lọ́wọ́?

Láti Ìbàdàn

Àkàrà ló kó mi wọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2009, mo ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá kan ní Mọ́kọ́lá. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fẹ́ rún ìwé tí wọ́n fi dì í sọnù, ni ojú mi bá bọ́ sí 1967 lókè rẹ̀. Epo ti mu ju ìdajì lọ, àmọ́ àwòrán sójà kan ṣì hàn ketekete. Mo sáré padà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí ìwé yìí?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìwé wo? Ìwé àkàrà?"

Ilé kan ní Òkè-Àdó ni wọ́n ti tà á fún un. Bàbá tó ni ilé náà, tíṣà àtijọ́, ti papò dà, àwọn ọmọ ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́. Kí n tó débẹ̀, páálí kan ṣoṣo ló kù. Ìwé ìròyìn 41 ni mo bá níbẹ̀: Daily Times, Daily Sketch àti Tribune, láti oṣù kẹjọ 1967 dé oṣù kìíní 1970. Ikán ti jẹ ìdí páálí náà. Wọ́n ní kí n mú un lọ, wọn ò tiẹ̀ gbowó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà lè rántí oṣù kẹjọ yẹn. Ní ọjọ́ 9 oṣù náà ni àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá sí Mid-West, wọ́n gba Benin, wọ́n sì ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa títí wọ́n fi dé Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" tí gbogbo wa ń pè láìmọ ìdí. Mo rò pé ìròyìn ogun ni yóò fà mí mọ́ra jù. Rárá o. Ohun tí bàbá yẹn fi pẹ́ńsùlù kọ sí etí ìwé ni. Lára ti oṣù kẹjọ, ó kọ ọ́ wínníwínní: "Lẹ́tà kò tíì dé." Ti ọjọ́ kejì, bákan náà. Ti ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Nígbà tó di apá ìparí oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti gba Benin padà, kò kọ ọ́ mọ́. Bóyá lẹ́tà dé o, bóyá òmíràn ló dé, kò sọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá kò mọ ẹni tí bàbá wọn ń retí.

Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èyí tó ya jù nínú wọn ni mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, téèpù náà pọ́n bí ìgò ọtí, ó sì bó lẹ́tà kúrò lórí ìwé. Òṣìṣẹ́ kan ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ló kọ́ mi lọ́gbọ́n: ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti sítáàṣì sísè ni kí n máa lò, torí omi lásán yóò tú u lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ tún un ṣe. Kí n tẹ́ wọn sílẹ̀ gbalaja, kí n má ká wọn, kí oòrùn má sì rí wọn.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Tèmi, jìbìtì ni. Ọkùnrin kan kọ́kọ́ gbé "Tribune ìgbà ogun Hitler" wá bá mi. Mo rẹ́rìn-ín títí. Oṣù kọkànlá 1949 ni Tribune ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Hitler ti kú lọ́dún mẹ́rin ṣáájú! Ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó bá tiẹ̀ lọ. Mo wá rò pé mo ti gbọ́n.

Lóṣù kejì, mo ra ìwé ìròyìn ìparí ogun Biafra, oṣù kìíní 1970, ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà. Mo délé, mo wọ awò mi, mo wo igun òkè: iye owó rẹ̀, kọ́bọ̀! Ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ dé, pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́ńsì là ń ná kó tó dìgbà náà. Àkànṣe tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ láti fi ṣèrántí ni. Owó mi ti lọ.

Láti London

Ẹ̀gbọ́n obìnrin, kí ẹ má dá nìkan sunkún. Ìwé ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún 1945, ọjọ́ tí ogun parí ní Yúróòpù, ni mo rà ní ọjà àárọ̀ Sunday kan níbí. Ojú-ewé mẹ́rin ni. Mo mọ̀ pé bébà wọ́n nígbà ogun, tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kò kọjá mẹ́rin, ni mo bá gbà pé ojúlówó ni. Ẹ̀dà ni! Ojúlówó máa ń pọ́n létí ju àárín lọ, ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po yóò sì fẹ́ já. Tèmi pọ́n dọ́gba-n-dọ́gba bí ẹni rẹ ẹ́ sínú tíì. Ẹ tún fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ìwé: lẹ́tà òjé ìgbà náà máa ń tẹ̀ wọ bébà, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n lára. Tèmi ń dán borokoto.

Bàbá bàbá mi ìbá kúkú fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jagun ní Burma pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kejìlélọ́gọ́rin. Wọ́n ń jó ní London lọ́jọ́ yẹn, ogun tiwọn kò tíì tán. Oṣù kẹjọ ni Japan tó juwọ́ sílẹ̀. RWAFF News, ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn sójà wa lọ́hùn-ún, ni mò ń wá báyìí. Ẹni tó bá ní, kó jọ̀ọ́ fi ojú mi kàn án, mi ò ní kó tà á.

Ìbàdàn tún dé

Àbúrò, mi ò ní in o. Mo yà lọ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, bóyá nǹkan mìíràn ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ní ta ló tún ń ra ìwé ìròyìn. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ yunifásítì ló fi ń di àkàrà báyìí. Tèmi gba 34 nínú 100.