Ìfètòsọ́mọbíbí kọ́ ni ìdènà oyún: bí a ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ Trump ní Yorùbá

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Àbúrò wa tó ń ṣe ìwé ìròyìn kékeré fún ẹgbẹ́ Yorùbá ìlú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá: báwo ni òun ṣe máa fi Yorùbá kọ ìdúró Donald Trump nígbà ìdíje 2024, lórí ìṣẹ́yún àti lórí oògùn tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún? Èsì méjì ló ti wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí á pe àkọ́kọ́ ní "ìpọmọnínú", kí á pe èkejì ní "ìfètòsọ́mọbíbí". Ẹlòmíràn ní "òmìnira ìbímọ" ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí á ti ìfètòsọ́mọbíbí bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń tètè ṣi èèyàn lọ́nà. Ní oṣù Karùn-ún 2024, akọ̀ròyìn tẹlifíṣọ̀n kan ní Pittsburgh bi Trump bóyá ó máa fẹ́ kí òfin dí oògùn wọ̀nyí lọ́wọ́. Ó ní àwọn ń wò ó. Ariwo ta, ló bá kọ ọ́ sórí ìkànnì rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà pé òun ò bá wọn dá irú ẹ̀ rí, òun ò sì ní bá wọn dá a láé. Orúkọ méjì ló tò tẹ̀lé ara wọn nínú gbólóhùn yẹn, ọ̀kan tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìṣe náà (birth control), èkejì tí wọ́n fi ń pe àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe é (contraceptives). Bí a bá kọ ìfètòsọ́mọbíbí sí méjèèjì, ohun tí yóò jáde ni pé Trump kò ní dí ìfètòsọ́mọbíbí lọ́wọ́, kò sì ní dí ìfètòsọ́mọbíbí mìíràn lọ́wọ́. Ẹ̀rín ni òǹkàwé máa fi wá rín.

Bí a tilẹ̀ yọ ti ẹ̀rín kúrò, ta ló ń fètò sí ọmọ bíbí? Ẹni tó ń bí ni. Lójú tèmi, etí ìyálọ́mọ ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ yẹn fún: ẹ bí ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ara sinmi, kí ẹ tó bí òmíràn. (Àwọn ìyálọ́mọ ọ̀hún pàápàá, "mo fẹ́ ṣe fámílì pílánìn" ni wọ́n ń wí tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.) Ọmọ ogún ọdún tó wà ní yunifásítì, tí kò tíì bí, tí kò sì gbèrò à ti bí, kò fètò sí nǹkan kan. Oyún ló ń dènà. Òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà yìí kọjá. Ní 1965, nínú ẹjọ́ Griswold, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fọwọ́ sí i pé tọkọtaya lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan wọ̀nyí. Ó di 1972, nínú ẹjọ́ Eisenstadt, kí ẹ̀tọ́ náà tó kan ẹni tí kò ṣègbéyàwó. Ọdún méje yẹn gan-an ni ọ̀nà tó wà láàárín ìfètòsọ́mọbíbí àti ìdènà oyún. Nítorí náà, mo ní kí á kọ "ìdènà oyún" fún ìṣe náà, kí á kọ "ohun èlò ìdènà oyún" fún oògùn, abẹ́rẹ́, kóńdọ̀ọ̀mù àti èyí tí wọ́n ń fi sí apá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi lórí ìpọmọnínú. Ẹ ti dájọ́ kí òǹkàwé tó gbọ́ ohun tí olùdíje wí. Ní 1999, Trump sọ lórí tẹlifíṣọ̀n NBC pé òun kórìíra ìṣẹ́yún, ṣùgbọ́n pé ẹ̀yìn ẹ̀tọ́ obìnrin láti yàn fúnra rẹ̀ bóyá yóò ṣẹ́yún ni òun wà. Nígbà tó di 2011, ó ní agbèjà ẹ̀mí lòun, ìyẹn ni pé òun tako ìṣẹ́yún. Ṣé a máa wá kọ ọ́ pé ẹ̀yìn ìpọmọnínú ló wà ní 1999? Ọ̀rọ̀ tí kò bá lè bá ọkùnrin kan ṣoṣo rìn láti 1999 dé 2011, kò lè bá ìwé ìròyìn rìn.

Ìṣẹ́yún tó wà nílẹ̀ tó wa lò, ó tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ju bí a ti rò lọ. Nínú Bíbélì Yorùbá, Ẹ́kísódù orí 21, àwọn oníjà kọlu aboyún, oyún sì ṣẹ́ lára rẹ̀. Oyún ni olùwà gbólóhùn níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀. Bí a bá ní "ó ṣẹ́yún", obìnrin ti di olùwà. Bí a bá ní "wọ́n bá a ṣẹ́yún", ẹlòmíràn ti bọ́ síbẹ̀. Òfin ọ̀daràn gúúsù Nàìjíríà mọ ìyàtọ̀ yìí: ẹni tó bá obìnrin ṣẹ́yún lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura, ọdún 7 ni ti obìnrin fúnra rẹ̀. Trump náà kọsẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2016, ó ní ó yẹ kí ìyà díẹ̀ jẹ obìnrin tó bá ṣẹ́yún. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ló kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó ní dókítà tó ṣe é ló yẹ kí òfin mú. Ní Yorùbá, "bá" kan ṣoṣo ló wọ inú gbólóhùn náà. Ẹni tó bá ń túmọ̀, kó má jẹ́ kí "bá" yẹn já bọ́ lójú ọ̀nà.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni òfin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti ìpínlẹ̀ Florida, tó ní kí ẹnikẹ́ni má sábà ṣẹ́yún mọ́ bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ fi lílù ọkàn sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ ṣọ́ra o. Ọkàn tiwa kì í ṣe ẹran ara nìkan, inú ọkàn la ti ń ronú, tí a ti ń gbàdúrà. Bí a bá kọ "òfin ìlù ọkàn", a ti fún wọn ju ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn lọ, nígbà tí àwọn dókítà ń wí pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ohun tí yóò di ọkàn kò tíì parí. Ẹ pè é ní òfin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ sì ṣàlàyé pé ọjọ́ tí obìnrin rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn ni wọ́n ti ń kà á. Kó tó mọ̀ pé oṣù fò, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti lọ. Trump pe òfin yìí ní àṣìṣe ńlá ní 2023. Ní ìparí oṣù Kẹjọ 2024 ó tún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kéré jù, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó ní òun máa dìbò tako àtúnṣe ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà tó fẹ́ mú un kúrò. Àtúnṣe náà rí nǹkan bí ìbò 57 nínú 100, ó sì ṣubú, torí 60 ni wọ́n ń wá.

Èmi fẹ́ràn "ọlẹ̀" fún ohun tó wà nínú. Kò pè é lọ́mọ, kò sì pè é lẹ́ran. Nígbà tí Èlísábẹ́tì gbọ́ kíkí Màríà, ọlẹ̀ sọ nínú rẹ̀. Ìsọ ọlẹ̀ yìí gan-an ni òfin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fi pààlà: kí ọlẹ̀ tó sọ, wọn kì í sábà ka ìṣẹ́yún sí ọ̀ràn. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà 2022, tó fagi lé ẹjọ́ Roe ti 1973 tó fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ sí ìṣẹ́yún, jà lórí ọ̀rọ̀ náà títí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ojú ìwé rẹpẹtẹ ṣàlàyé, ó ti wà lẹ́nu agbẹ̀bí wa tipẹ́.

Òmìnira ìbímọ ńkọ́? Kamala Harris, tó bá Trump du ipò ààrẹ, ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ (reproductive freedom) polongo káàkiri ní 2024. Sọ ọ́ fún ìyá àgbà, yóò bi ọ́ pé ta ló ń dí wọn lọ́wọ́ à ti bímọ. Ẹ̀tọ́ láti pinnu lórí oyún ló fẹ́ wí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Fún àbúrò wa, gbólóhùn tí mo ní lọ́wọ́ nìyí, láti inú fídíò tí Trump gbé jáde ní oṣù Kẹrin 2024: "Ó ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣòfin tirẹ̀ lórí ìṣẹ́yún. Ó fara mọ́ ọn pé kí òfin yọ̀ǹda rẹ̀ bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu, bí oyún bá ti ọwọ́ ìfipábánilòpọ̀ wá, tàbí bí ìbátan bá fún ìbátan lóyún." Ẹ̀mí ni mo kọ, n kò kọ ìlera. Ẹ̀mí ló sọ, ọ̀nà wọn sì jìn.

Apá tó gbẹ̀yìn nínú gbólóhùn tí mo kọ fún àbúrò wa, ti ìbátan tó fún ìbátan lóyún, kò dùn létí mi. Ìbátan ti gbòòrò jù nílẹ̀ wa, ẹni tí a ò mọ bó ṣe tan mọ́ wa pàápàá ìbátan ni. Ẹ̀yin ará Kétu àti Sakété, òfin Benin ti dárúkọ irú oyún yìí láti 2003, kó tó di pé wọ́n fẹ òfin ìṣẹ́yún lójú sí i ní 2021. Kí ni ẹ̀yin ń pè é?