Hatshepsut: ṣé ayaba ni tàbí ọba?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lánàá, pé kí a máa pe Fáráò ní "Aláàfin Íjíbítì", kí a sì máa pe Hatshepsut, obìnrin tó ṣàkóso Íjíbítì láyé àtijọ́, ní "ayaba". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ìkejì rárá.

Aya ọba ni ayaba. Bíbélì wa pe obìnrin tó fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso ní "ayaba Ṣeba", bóyá ibẹ̀ ló ti mọ́ wa lẹ́nu. Hatshepsut ṣe ayaba lóòótọ́, nígbà tí Thutmose Kejì, ọkọ rẹ̀ tó tún jẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀, wà láyé. Ìyẹn wàjà ní nǹkan bí ọdún 1479 ṣáájú ìbí Kristi. Ọmọdé ni Thutmose Kẹta, ọmọ orogún rẹ̀, nígbà náà, Hatshepsut sì ń bá a di ìlú mú. Adelé nìyẹn. Kó tó pé ọdún mẹ́jọ, òun fúnra rẹ̀ ti gorí ìtẹ́.

Ẹ wo tẹ́ńpìlì rẹ̀ ní Deir el-Bahari, lódìkejì odò Náílì sí ìlú Luxor. Wọ́n ya á bí ọkùnrin, tòun ti irùngbọ̀n àtọwọ́dá ní àgbọ̀n. Síbẹ̀, nínú àkọlé tó wà níbẹ̀, ẹ ó ṣì máa bá "t", tí èdè wọn fi ń sọ pé abo ni, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè é. Èdè wọn kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Tiwa kò dí wa lọ́wọ́: "ọba" kò yan akọ yan abo, "ó" náà kò yàn. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé obìnrin ni Lúwo, Ọọ̀ni náà ni wọ́n sì ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni Púpùpú, obìnrin tó jọba l'Óǹdó. Ẹni tó bá sì ti rí adelé ní Àkúrẹ́ tàbí Èkìtì, ọmọbìnrin ọba tó wàjà, nínú agbádá, fìlà lórí, irùngbọ̀n yẹn kò ní yà á lẹ́nu.

Kí ni a wá ń fi "ọbabìnrin" ṣe? Ó wúlò níbi tí èèyàn bá lè ṣì í mú fún ọkùnrin. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti Fáráò, mo rí ohun tí ẹ̀gbọ́n rí. "Ilé ńlá" ni ọ̀rọ̀ náà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ààfin nìyẹn, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Nígbà tó yá ni wọ́n fi ń pe ọba gan-an, bí oníròyìn wa ṣe ń sọ pé "ààfin ti fèsì" nígbà tó jẹ́ pé Kábíyèsí ló sọ̀rọ̀. Oyè Ọ̀yọ́ ni Aláàfin. Ẹ jẹ́ kó wà l'Ọ́yọ̀ọ́, kí Fáráò máa jẹ́ Fáráò.

Bí mo ṣe tún gbólóhùn wa nípa Hatshepsut kọ rèé: "Hatshepsut, ayaba Thutmose Kejì, ṣe adelé fún Thutmose Kẹta, lẹ́yìn náà ó jọba títí ó fi wàjà ní nǹkan bí ọdún 1458 ṣáájú ìbí Kristi." Ẹni tó bá ní èyí tó dùn létí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó kọ ọ́ wá.