Ta ló ti rí iṣẹ́ tipátipá lóko kòkó nílẹ̀ Oǹdó? Ẹ sọ tiyín

Olóko Òwénà: Ẹ̀yin ará, ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa ti ń béèrè ohun tí kò béèrè rí: ta ló bá yín ro oko, ọmọ ọdún mélòó ni, ta lẹ sanwó fún. Ó ní Yúróòpù ti ṣòfin ní 2024 pé ọjà tí wọ́n bá fipá múni ṣe kò ní wọlé àwọn mọ́, pé ìparí 2027 ni òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí lojú yín ti rí?

Ọmọ Ìdànrè: Lábà tó múlé ti tiwa, ọkùnrin kan kó àwọn ọmọ wá láti Benue láti ṣe lébìrà ọdún kan. Wọ́n ro oko, wọ́n fín oògùn, wọ́n fọ́ kòkó. Nígbà tọ́dún yí po, ẹni tó kó wọn wá ló gba gbogbo owó. Ó ní òun yọ owó mọ́tò, òun yọ owó oúnjẹ. Èyí tó kéré jù nínú wọn ní òun fẹ́ máa lọ sílé, wọ́n ní gbèsè ọrùn rẹ̀ ò tíì tán. Ibẹ̀ ló tún ti ṣe ọdún kejì.

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀: Áà! Ìwọ̀fà nìyẹn!

Ará Ilé-Olújì: Ṣé olóko mọ̀?

Ọmọ Ìdànrè: Ó mọ̀, sà. Ó ní òun ti sanwó tòun.

Ará Ilé-Olújì: Ìyẹn burú. Ṣùgbọ́n èmi náà ru kòkó ní gbogbo Sátidé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì ń lọ sílé ìwé. Ṣé wọ́n máa pe bàbá mi náà ní ọ̀daràn?

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń sọ ti Sátidé? Ọmọ tí kò lè lọ sílé là ń sọ.

Tíṣà Ọ̀bá-Ilé: Kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán o. Kòkó Nàìjíríà wà nínú ìwé tí ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń ka ọjà tó ní iṣẹ́ tipátipá nínú. Ní 2019, wọ́n yọ Mauritania kúrò nínú AGOA, ètò Amẹ́ríkà tó jẹ́ kí ọjà Áfíríkà wọlé wọn láìsan owó bodè, nítorí ẹrú ṣíṣe. Myanmar náà, Yúróòpù gba àǹfààní òwò lọ́wọ́ wọn ní 1997, 2013 ni wọ́n tó dá a padà.

Ará Ilé-Olújì: Ta wá ni ìyà jẹ? Ní Eswatini, ìjọba ni kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ní ẹgbẹ́. Nígbà tí AGOA bọ́ lọ́wọ́ wọn ní 2015, àwọn tó ń ránṣọ ní iléeṣẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwa náà ńkọ́? Èso kòkó gbígbẹ kì í san owó bodè ní Yúróòpù, bọ́tà kòkó ló ń san, wọ́n sì ń bá wa dín in kù. Bí wọ́n bá gba ẹ̀dínwó yẹn, iléeṣẹ́ tó ń lọ kòkó níbí ni yóò kọ́kọ́ kú, olówó lébìrà yóò ṣì máa ta èso rẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìdànrè: Bí kò bá sí ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ìjọba, ta ni yóò wá wo abà wa?

Tíṣà Ọ̀bá-Ilé: Ẹni tó kó ọmọ wá ni kí wọ́n mú, kí wọ́n má dá orílẹ̀-èdè lẹ́bi.

Ọmọ Ìdànrè: Ta ni yóò mú un, sà? Ó ṣì ń kó wọn wá.

Olóko Òwénà: Lóko tèmi, ọwọ́ kálukú ni n ó máa sanwó sí báyìí, lóṣooṣù.

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀: Bàbá, ẹ ṣeun. Ibo lẹ ó ti máa rówó oṣù kí kòkó tó pọ́n?

Olóko Òwénà: Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ kòkó. Owó rẹ̀ ni n ó fi máa san án.