Olùgbà kọ́: kí la ó pe ẹni tí kóòtù fi sídìí òwò olówò?

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ báyìí fún ẹni tí àwọn lọ́yà ń pè ní rìsífà, ìyẹn ẹni tí ilé ẹjọ́ ń fi sídìí ilé-iṣẹ́ nígbà tí àwọn tó ni ín bá ń jà, kí dúkìá má baà run kí ẹjọ́ tó parí. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ ní ká pè é ní olùgbà. Ẹnì kan láti Mọpà mú adelé wá. Ìyá wa tó ń ṣe tíṣà ní Ìsánlú fara mọ́ ìríjú, nítorí ìtàn ìríjú tó wà nínú Lúùkù orí 16. N kò bá ìkankan lọ nínú wọn, olùgbà ló sì burú jù lójú tèmi.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n pè mí ní Kàbà pé kí n wá ka ìwé kan fún màmá àgbàlagbà kan. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dá ilé ìlagi sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di kọ́ńpìnnì. Nígbà tí àwọn méjèèjì kú tán, àwọn ọmọ gbé ara wọn lọ sí kóòtù, adájọ́ sì yan rìsífà. Ìwé owó oṣù mẹ́fà ni ọkùnrin náà kọ, ẹnì kan sì ti bá màmá tú u sí Yorùbá. Ìlà àkọ́kọ́ kà báyìí pé: "Owó tí olùgbà gbà: ₦1,340,000." Màmá fi ìka tẹ ìlà yẹn, kò gbé e kúrò.

"Òun nìkan ló gba gbogbo èyí?"

Mo ní rárá, owó pákó tí wọ́n tà ni, àpò ilé-iṣẹ́ ló wọ̀.

"Ìwé ní ó gbà á."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ohun tí ìwé wí nìyẹn. Kí n tó mu omi tí wọ́n gbé fún mi tán, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ń pe lọ́yà lórí fóònù.

Akápò ìjọ ń gbowó, òṣìṣẹ́ ń gbowó oṣù, ọlọ́pàá ń gbowó lójú títì. Gbà kan náà ni. Ẹni tó bá fi olùgbà sórí ìwé owó ti dá ọkùnrin náà lẹ́bi kí adájọ́ tó jókòó.

Owó mẹ́ta ló wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ ká lọ̀ wọ́n pọ̀. Owó tó wọlé ni àkọ́kọ́. Ìnáwó ni ìkejì: dísù jẹnẹrétọ̀, owó gáàdì, owó ọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ìkẹta, ilé ẹjọ́ ló sì ń dá iye rẹ̀, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Inú dúkìá tí wọ́n ń jà lé lórí la ti ń yọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ìjà fi máa ń le tó bẹ́ẹ̀: gbogbo náírà tó bá mú, apá àwọn ọmọ ló ti kúrò. Olùtúmọ̀ yẹn kó dísù àti owó iṣẹ́ pọ̀ sábẹ́ "èrè olùgbà". Èrè! Ta ló ń jèrè lórí dísù? Owó iṣẹ́ tó fún mi, ẹni tó bá sì fẹ́ kó jinlẹ̀, kó kọ ọ̀yà. Tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń jà bá ní àríwísí, ohun tó ń dùn ún ló gbọ́dọ̀ tọ́ka sí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò lè kàn pariwo pé olè ni. Báwo ló ṣe fẹ́ tọ́ka sí i nígbà tí a ti pò ó pọ̀ bí àmàlà?

Adelé dùn létí, mo gbà. Ṣùgbọ́n inú ilé ni adelé ti sábà máa ń wá, ọmọ oyè ni lọ́pọ̀ ìgbà. Òfin kọ́ńpìnnì ọdún 2020, èyí tí wọ́n ń pè ní CAMA, kò gbà kí olùdarí ilé-iṣẹ́ náà tàbí ẹni tó ń yẹ ìwé owó rẹ̀ wò ṣe rìsífà rẹ̀. Àjèjì ló ń fẹ́. Ìríjú ńkọ́? Olówó ló gba ìríjú inú Lúùkù síṣẹ́, òun náà ló lé e. Èyí tí kóòtù yàn, òṣìṣẹ́ kóòtù ni òfin kà á sí, kò sí ẹni tó lè lé e nínú àwọn tó ń jà, àfi kí wọ́n lọ bẹ adájọ́. (Èyí tí báńkì yàn nítorí gbèsè, ọ̀tọ̀ nìyẹn.) Àmọ́ tíṣà wa jàre níbì kan: fún irú ìwé owó yìí, ìjíhìn, bíi ti ìríjú yẹn, dára ju ìṣirò lọ. Ọmọ ilé-ìwé ń ṣe ìṣirò. Rìsífà ń jíhìn fún ẹni tó rán an, bí kò bá sì jíhìn, ilé ẹjọ́ lè fagi lé owó iṣẹ́ rẹ̀.

Alágbàtọ́jú ni mo mú wá. Ẹ wo alágbàfọ̀: aṣọ kì í ṣe tirẹ̀, ó ń gba owó fífọ̀, ó sì ń dá aṣọ padà. Ẹ wo alágbàtọ́. Gbà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe kejì ti sọ ohun tó torí rẹ̀ gbà á. Tí adájọ́ bá tún fún un láṣẹ kó máa ṣòwò lọ, ká fi "àti alákòóso" kún un, torí ẹni tó ń ṣọ́ pákó yàtọ̀ sí ẹni tó ń là á tà.

Mo ti gbọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mẹ́nu kan alágbàtà, tó ń lé èrè tirẹ̀ lé ọjà. Ó dùn mí, kò sì sí èsì lẹ́nu mi. Àbúrò mi kan ní Ìyàrá tún bi mí pé ṣé "tọ́jú" yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ lójú títì, "ọ̀gá, ẹ tọ́jú wa." Bóyá alágbàmójútó ló máa là á, bó tilẹ̀ gùn lẹ́nu. Ẹ bá mi pè é sókè lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó fèsì. Ìwé oṣù mẹ́fà mìíràn ti dé sí Kàbà, èmi sì ni màmá ní kí n tú u.