Ṣé kí ìyá mi dá letrozole dúró nítorí oríkèé rẹ̀?

Ọmọ Kétu, Lyon: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Ìyá mi, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún, ti ń lo letrozole, oògùn tí wọ́n fi ń dènà kí àrùn náà má padà, láti oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n oríkèé ìka ń ro wọ́n débi pé wọn kò lè dá ìró wọn ró mọ́. Dókítà sọ pé wíwú inú ọ̀rá ara, ìyẹn inflammation, wà lára ohun tó ń ran jẹjẹrẹ ọmú lọ́wọ́. Ṣé kí n fún wọn ní ibuprofen, oògùn ìrora tó ń dín wíwú kù, kí wọ́n sì fi letrozole sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, ọmọ Àjàṣẹ́, Paris: Má dán an wò, àbúrò mi. Ohun tí mo fi oṣù mẹ́rin ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn, mo ń jẹ ibuprofen bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, títí ó fi dá ọgbẹ́ sí mi nínú ikùn. Nígbà tí mo jẹ́wọ́, exemestane, oògùn irú kan náà, ni dókítà fi rọ́pò letrozole, ara sì tù mí díẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ, Brussels: Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àṣìṣe yín, Ìyá Ìbejì. Nínú ọ̀rá tó wú, ẹ́ńsáìmù COX-2 ń ṣe kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ prostaglandin E2, èyí sì ń mú kí ara pèsè ẹ́ńsáìmù mìíràn, aromatase, púpọ̀ sí i. Aromatase ni ó ń sọ họ́mónù akọ di estrogen, họ́mónù abo, lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, estrogen náà ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú sì fi ń dàgbà. COX yìí gan-an ni ibuprofen ń dí lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó ń fẹ́ iná ni ibuprofen ń bá wí, letrozole ni ó ń yọ igi kúrò nídìí iná, nítorí aromatase fúnra rẹ̀ ni ó dì mú. Wọ́n dán aspirin, tí òun náà ń dí COX lọ́wọ́, wò ní 300 mg lójúmọ́ lára èèyàn 3,020 tí wọ́n ti tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú fún, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2024: kò dá àrùn náà lọ́nà kí ó má padà.

Ọmọ Ṣábẹ: Mo gbà, ṣùgbọ́n dídákẹ́ yín ni ẹ̀bi, kì í ṣe oògùn tí ẹ jẹ.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tí oríkèé kò ro ni ó mọ bí a ti í sọ̀rọ̀.

Ọmọ Kétu kejì, Marseille: Kétu ni a ti ń gbé ọmú igi kọ́ àyà níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti júbà àwọn ìyá. Kí ni Ṣábẹ mọ̀ nípa ọmú?

Ọmọ Ṣábẹ: Mamelles, ìyẹn ọmú, ni Faransé pe òkè ìlú wa. Igi ni tiyín, ikán lè jẹ ẹ́. Òkúta ni tiwa.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n ní kí n máa rìn, ó sì ń dín ìrora náà kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́, ìyá mi ni ìbá máa fi òrí gbígbóná wọ́ mi lọ́wọ́ lálẹ́.

Ọmọ Kétu, Lyon: Mo gbọ́ ti letrozole, n kò ní jẹ́ kí wọ́n dá a dúró kí a tó rí dókítà. Ti alẹ́ òní ńkọ́?

Ọmọ Ṣábẹ: Òrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé ṣì kù. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ará Marseille yẹn mọ̀ pé Ṣábẹ ni ó ti wá.